Sìkírínì tí a ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi gíláàsì: èwo lẹ fẹ́ rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ wo ohun tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ ara ògiri funfun lẹ fẹ́ gbé e sí, tẹlifíṣọ̀n lásán ni kí ẹ lọ rà.

Oríṣi mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: OLED, LCD, àti ike LED, ìyẹn ike tó ní àwọn iná tíntìntín lára, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé.

OLED ló rẹwà jù. Àwọn iná tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán rẹ̀ ló ń tàn fúnra wọn; ibi tí iná kò bá ti tàn, ohun tó wà lẹ́yìn ló máa hàn. Àbùkù rẹ̀ náà kò ju ibẹ̀ lọ: kò lè ṣe dúdú. Irun orí òṣèré, kóòtù dúdú, òru inú fíìmù, inú gbogbo wọn lẹ ti máa rí àga yín. LG kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú SIGNATURE OLED T, tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 77 tí wọ́n fi hàn ní Las Vegas ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n ká aṣọ dúdú kan sí ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì, aṣọ náà á gòkè bo ẹ̀yìn, àwòrán á sì dúdú níbi tó yẹ kó dúdú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, dọ́là 60,000 ni wọ́n ń pè é! Ti ilé-iṣẹ́ Xiaomi, íǹṣì 55, ti jáde ní Ṣáínà lọ́dún 2020 ní yuan 49,999. Lójú tèmi, ibi tí OLED ti wúlò jù ni ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Beijing àti Shenzhen, níbi tí èrò ti ń ka orúkọ ibùdókọ̀ tó kàn.

LCD yàtọ̀ pátápátá. Òun lè ṣe dúdú; ibi tó bá funfun nínú àwòrán rẹ̀ ló ń hàn kedere bíi gíláàsì. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà á kọjá, nítorí náà inú àpótí tó ní iná ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ta góòlù, aago tàbí bàtà olówó ńlá ni kó rà á: àwòrán á kọ́kọ́ bo ọjà náà, lẹ́yìn náà á ṣí i sílẹ̀. Kò yẹ fún fèrèsé.

Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ike LED ló ni ín. Ó mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ lójú oòrùn, ẹni tó wà nínú ilé sì ń rí ìta. Àlàfo àárín iná rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè: bó bá jẹ́ mìlímítà 10, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, iná lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa rí dípò àwòrán. Ẹ má fi kọ lẹ́tà wínníwínní.

Ní ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní irú sìkírínì yìí, tí ilé-iṣẹ́ Lenovo gbé wá sí Barcelona lọ́dún 2024, àwòṣe ni, wọn kò gbé e wá fún títà. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ kí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ máa wo ohun tó ń tẹ̀?

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọ̀sán gangan ni kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan án fún yín, pẹ̀lú àwòrán tó kún fún dúdú. Inú yàrá tó ṣókùnkùn ni gbogbo wọn ti máa ń dára.