Ọdún Mẹ́sàn-án Pẹ̀lú Ìbọn Ẹlẹ́nu Kan Nínú Ilé: Àgbéyẹ̀wò Láti Kétu

Ìbọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni Baikal ẹlẹ́nu kan, kàlíbà 12 (ìyẹn ìwọ̀n ọ̀nà inú rẹ̀), irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Izhevsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí a máa ń ṣẹ́ láàárín kí a tó ki kàtúùṣì (ọta ìbọn) kan ṣoṣo sí i nídìí. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, ní abúlé oko wa lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Kétu ilẹ̀ Benin sí Ìlara, mo sì ní ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀. N kì í ṣe ọdẹ. Nítorí ohun tó bá wá bá ẹran ọ̀sìn wa lóru, àti nítorí ẹni tí kò ní iṣẹ́ rere kankan láti ṣe ní àgbàlá wa ní agogo méjì òru, ni mo ṣe rà á. Nítorí náà, ohun tí mo fi ń wọn ìbọn yàtọ̀ sí ohun tí ọdẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ọdẹ ń yin tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àrùn tó bá wọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ hàn sí i. Tèmi lè wà lójú kan fún oṣù mẹ́jọ láìdún, kí n wá sọ fún un lóru ọjọ́ kan pé kó dún.

Ní ọdún kejì ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì dún. Ẹtà ló wọ ilé adìẹ. Mo gbé ìbọn kúrò lára ògiri, níbi tí ó ti wà pẹ̀lú kàtúùṣì nínú rẹ̀ láti ìgbà òjò, mo kọjú rẹ̀ sí ibi tó yẹ, mo fà á, “kẹ́” ni mo gbọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ ọdẹ ní tirẹ̀, ti kọ́ wa láti kékeré pé ìbọn tó kọ̀ tí kò dún kò tíì parí ọ̀rọ̀, nítorí pé iná lè máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ kó sì bú gbàù nígbà tí èèyàn bá ń ṣí i. Mo dojú rẹ̀ kọ òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìnkùlé, mo sì ka oókan títí dé ọgọ́ta kí n tó ṣẹ́ ẹ. Ẹtà ti gbé àkùkọ lọ kí n tó ka ogún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé kàtúùṣì náà sójú oòrùn. Ìdí rẹ̀, tó yẹ kó máa dán bí idẹ, ti ní àwọ̀ ewé. Ojú kékeré tó wà láàárín ìdí náà, èyí tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gbá, ní àpá, ṣùgbọ́n àpá náà kò jìn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èékánná tẹ iṣu tútù. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àpá yìí, nítorí òun ló là mí lójú. Bí àpá bá jìn dáadáa tí kàtúùṣì kò sì dún, kàtúùṣì ló ti bàjẹ́: ọ̀rinrin tàbí òróró ti wọ inú rẹ̀. Bí àpá bá ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ìbọn fúnra rẹ̀ ni kò gbá a tó. Ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì ló pàdé nínú tèmi. Mo ti ń da òróró sí ìbọn náà bí ẹni ń se ọbẹ̀, mo rò pé bí òróró bá ṣe pọ̀ tó ni ìpáàrà yóò ṣe jìnnà sí i tó. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku pò mọ́ òróró, ó di nǹkan dúdú kan tó ki bí ọṣẹ dúdú, ó sì dí ọ̀nà tí òòlù inú ìbọn, èyí tó ń ti abẹ́rẹ́, ń gbà sáré. Láti ìgbà náà, mo máa ń fọ inú rẹ̀ gbẹ, mo sì ń fi òróró díẹ̀ pa á pẹ̀lú aṣọ, débi pé bí mo bá fi ìka kàn án, ìka mi yóò kàn dán ni. Ibi tí kàtúùṣì ń wọ̀ kò gbọdọ̀ ní òróró rárá, nítorí pé òróró máa ń wá ọ̀nà wọ ojú kékeré yẹn, a sì pa iná inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lẹ́bàá ọ̀sà, ní láti nu tirẹ̀ ní ìlọ́po méjì iye ìgbà tí mo ń nu tèmi, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin tọdún tọdún.

Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa ló tú àṣírí àwọ̀ ewé náà fún mi. Ó wo ìgbànú awọ tí mo to àwọn kàtúùṣì mi sí, ó ní: “Ta ló ní kí o fi awọ kọ́ ilé fún wọn? Ìlọ oko ni awọ wà fún. Bí o bá ti délé, tú wọn jáde.” Òótọ́ ló sọ. Awọ máa ń gba omi sára, ohun tí wọ́n fi ṣe awọ náà sì máa ń jẹ idẹ. Ní báyìí, inú àpótí ike kan tó ní rọ́bà lẹ́nu ìdérí ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké oníhóró funfun tó ń fa ọ̀rinrin, tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, èyí tí mo máa ń tún yan gbẹ lórí iná tí kò le lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan. N kò gbé àpótí náà sí òkè àjà mọ́, nítorí pé ooru abẹ́ páànù a máa ba ẹ̀tù jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fi gègé kọ oṣù àti ọdún tí mo ra kàtúùṣì kọ̀ọ̀kan sí i lára. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń mú mẹ́rin tó dàgbà jù nínú wọn, mo sì ń yìn wọ́n sára òkìtì ọ̀gán yẹn kan náà. Láti ọdún méje, gbogbo wọn ló ti dún.

Lórí rírà, ẹ ṣọ́ra. Ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ ta kàtúùṣì oníwèé fún mi nígbà kan, tí ọ̀rinrin ti mú wú débi pé kò wọ ìdí ìbọn. Oníke ni mo ń rà láti ọjọ́ náà. Ẹ má sì jẹ́ kí kàlíbà 20 dà pọ̀ mọ́ 12 nínú àpótí kan. Ohun tí nọ́ńbà 12 ń wí ni pé bí a bá pín ìwọ̀n pọ́nùn kan òjé sí róbótó méjìlá tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ni yóò ṣe déédéé ọ̀nà inú ìbọn. Nítorí náà 20 kéré sí 12. Bí kàtúùṣì 20 bá bọ́ sínú ìbọn 12, yóò yọ́ lọ síwájú kó lọ há, ẹni tó bá ki òmíràn tẹ̀lé e tó sì fà á lè pàdánù ọwọ́ tàbí ojú.

Ohun mìíràn tó lè dí ọ̀nà ìbọn ni agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé. Ní ọdún karùn-ún, mo ti ìrìn àjò oṣù méjì dé, mo ṣẹ́ ìbọn, mo gbé e sókè kí n lè wo ojú ọ̀run láti inú rẹ̀, òkùnkùn ni mo rí. Mo fi ọ̀pá tì í, amọ̀ gbígbẹ àti ìdin agbọ́n mẹ́ta ló já sílẹ̀. Ká ní mo yìn ín bẹ́ẹ̀, irin ìbá fà ya. Gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni mo ń wò ó láti ìgbà náà.

Ṣé ó yẹ kí kàtúùṣì máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo? Mo ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni nígbà kan rí. N kò dáhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Kàtúùṣì tó wà nínú irin ń gba ọ̀rinrin àti òróró irin, bí mo ti rí i. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ ọmọ mi méjì ló ń gbé pẹ̀lú wa. Ìbọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo tì pa, láìní nǹkan nínú, tí òòlù rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ (mo máa ń fi kàtúùṣì òfìfo sí i kí n tó fà á); àpótí ike wà lábẹ́ ibùsùn mi, òun náà ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lọ́rùn mi.

Ní ti ìbọn fúnra rẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kò wúwo tó kílò mẹ́ta, ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀, n kò sì tíì pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀. Fífúyẹ́ rẹ̀ náà ló mú kó máa ta èèyàn léjìká, pàápàá bí kàtúùṣì náà bá jẹ́ oníhóró ńlá mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń dún kí a tó tún un ki. Mo mọ èyí kí n tó rà á.

Bí àwọn ọmọ kò bá sí nílé, a máa ń fi kàtúùṣì òfìfo dán ara wa wò nínú òkùnkùn. Ìyàwó mi ló ń ka iye, láti ìgbà tí mo bá dìde lórí ibùsùn títí ìbọn yóò fi pa dé. Ọgbọ̀n ni mo kọ́kọ́ gbà. Ó ti di méjìdínlógún báyìí. Ó ní márùn-ún nínú rẹ̀ ni mo fi ń wá bàtà.