Páàdì àti dísìkì bíréèkì iwájú: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ bíréèkì iwájú nílé, ọjà tó máa rà ló yẹ kó kọ́kọ́ rò. Iṣẹ́ náà kò le. Páàdì tí wọ́n kó lé èèyàn lọ́wọ́ ní Ládípò tàbí ní Agodi Gate, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó, ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Sèrámíìkì àbí semi-metallic?

Páàdì sèrámíìkì kì í pariwo, eruku rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í tètè jẹ dísìkì. Owó rẹ̀ ló wọ́n. Semi-metallic, èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, máa ń pariwo díẹ̀, eruku dúdú rẹ̀ a sì bo rímù, àmọ́ ó fara da ooru púpọ̀. Ọkọ̀ akérò, tàbí ti ẹni tó ń kẹ́rù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó lójoojúmọ́, òun ló bá a mu. Corolla tàbí Camry tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, sèrámíìkì ni kí ẹ rà fún un.

Lára páàdì tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ wá lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú kí ooru tó pọ̀, ìkejì ń sọ bó ṣe ń dì í mú tó bá ti gbóná gan-an. Ìwọ̀n ìdìmú (coefficient of friction) ti E wà láàárín 0.25 sí 0.35, ti F láàárín 0.35 sí 0.45. FF ni kí ẹ mú. FE á dẹ̀ tó bá gbóná. Àwọn ayédèrú náà lè tẹ lẹ́tà, nítorí náà ẹ wò ó bóyá páàdì lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, láìsí àlàfo, láìsí ibi tó sán.

Páàdì tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ má rà á rárá. Kò sẹ́ni tó mọ òróró tó ti mu.

Dísìkì tuntun, tòkunbọ̀, àbí kí wọ́n fá ti àtijọ́?

Ti dísìkì yàtọ̀. Ojúlówó tòkunbọ̀ lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí ẹ bá mú vernier, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nínípọn, dání. Wọ́n máa ń tẹ MIN TH sí i lára, pẹ̀lú nínípọn tí kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù. Bí ó bá kọ 23 mm, tí ẹ wọn 23.2, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Fífá á lórí ẹ̀rọ ló dínwó jù, ó sì ń mú gbígbọ̀n pẹ́dààlì kúrò, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù sí i. Tuntun méjì ni mo fara mọ́ bí owó bá wà. Ọ̀tún àti òsì ni ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín àbí mẹkáníìkì?

Ẹ ó nílò jáàkì àti ìdúró irin méjì (ẹ má gbára lé jáàkì nìkan), síkíláǹpù (C-clamp) láti ti písítìnì, èyí tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, padà, àti sípánà tó ń wọn agbára fún nọ́ọ̀tì táyà. Ti Corolla jẹ́ 103 Nm. Bí ẹ bá máa ra gbogbo rẹ̀ torí iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, mẹkáníìkì ló dínwó. Ẹ má jẹ́ kí kálípà, irin tí písítìnì wà nínú rẹ̀, fi ọ́ọ̀sì òróró bíréèkì rọ̀. Ẹ nu òróró tó wà lójú dísìkì tuntun kúrò. Kí ẹ tó wa ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀, torí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń rì wọlẹ̀ ni.