Ètò Ìgbanisíṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó Florida: Ṣé Ó Tó Ohun Tí Ọlọ́pàá Onírìírí Lè Torí Rẹ̀ Kó Kúrò Nílé?

Àbúrò mi kan, tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́sàn-án ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun fara balẹ̀ wo ètò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Florida, ìyẹn Florida Highway Patrol, fi ń gba àwọn tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wọlé. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá, àmọ́ mo mọ owó ilé í ṣírò, ohun tó sì ń wá lọ́dọ̀ mi nìyẹn.

Ọdún 1939 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ yìí sílẹ̀. Abẹ́ àjọ tó ń mójú tó ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló wà lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ìjàm̀bá ọkọ̀, eré àsápajúdé àti awakọ̀ tó mutí yó. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́pàá ló wù láti máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ lóru nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé ń fẹ́ yẹ́ẹ́ kọjá, nítorí náà àwọn tí wọ́n lè rí gbà kò pọ̀ tó bí a ṣe lè rò.

Ibi tí ètò náà ti dára jù ni ti ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ti fi ó kéré tán ọdún kan gbáko ṣe ọlọ́pàá níbòmíràn, tí kò sì tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ tó ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tó lé ní wákàtí 700. Yóò fi hàn pé òun mọ ìbọn í yìn, òun mọ ọkọ̀ í wà, òun sì lè dáàbò bo ara òun, lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò ìpínlẹ̀. Ìjọba tilẹ̀ lè dá owó ẹ̀kọ́ yìí padà fún un, tó 1,000 dọ́là. Ẹ̀kọ́ ti ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ṣì wà níwájú ní Havana, ìlú kékeré kan nítòsí Tallahassee, olú ìlú Florida (kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kúbà).

Ọ̀rọ̀ owó ìkíni-káàbọ̀ ló mú mi ronú jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí awuyewuye lórí sísọ abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà di dandan gbóná láàrin àwọn ọlọ́pàá ìlú ńlá, Gómìnà Ron DeSantis kéde pé òun fẹ́ kí Florida fún ọlọ́pàá tó bá kó wá ní 5,000 dọ́là, nígbà tó sì di ọdún 2022, ó buwọ́ lu òfin rẹ̀. Owó náà dára létí. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Florida ni òfin náà gbé e kalẹ̀ fún, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìlú títí dé ọ̀dọ̀ ṣẹ́rífù (olórí ọlọ́pàá àgbègbè) nínú kọ́ńtì, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀, mẹ́tàdínláàádọ́rin, kò sì fi ẹyọ kọ́bọ̀ kan gbé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ga ju àwọn tó ń bá a du òṣìṣẹ́ lọ. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Florida fún ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni òfin náà yà á sọ́tọ̀ fún. Igbákejì ṣẹ́rífù, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ṣẹ́rífù, tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àwọn ọ̀nà yẹn, tí ìbá sì wúlò jù lọ fún iṣẹ́ náà, kò rí nǹkan kan nínú òfin náà, nígbà tí ó ya iye kan náà sọ́tọ̀ fún ọmọdékùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ àti fún irú àbúrò mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òfin yìí kò ka àkísà sí rárá.

Owó oṣù ńkọ́? Tallahassee ni àwọn aṣòfin ti ń pín in lọ́dọọdún fún gbogbo ìpínlẹ̀, nígbà tí ṣẹ́rífù lè bá ìgbìmọ̀ kọ́ńtì tirẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi kún un. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù ẹ̀ṣọ́ fi ti wà lẹ́yìn ti àwọn kọ́ńtì ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹ̀ṣọ́ fi ń kọ́ ọmọ tí ṣẹ́rífù sì ń gbà á lọ.

Ti owó ìfẹ̀yìntì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí wọ́n fi ń ṣírò. Àtúnṣe ọdún 2011 ti sún ìfẹ̀yìntì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọgọ́ta ọdún lókè eèpẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 2023 wọ́n dá a padà sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí márùndínlọ́gọ́ta. Àbúrò mi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí ó bá wọlé báyìí, tó sì dúró di márùndínlọ́gọ́ta, ìdá mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni yóò máa gbà. Àmọ́ ọdún mẹ́sàn-án tó ti ṣe sẹ́yìn kò ní bá a wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ó sì ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà, àlejò ló máa ń gba iṣẹ́ òru àti ti òpin ọ̀sẹ̀, nítorí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yan tirẹ̀.

Ìrànwọ́ ilé rírà tí Florida ń fún irú àwọn òṣìṣẹ́ báyìí, tó lè tó 35,000 dọ́là, dára, àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀yáwó ni.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ètò náà, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tí wọ́n gé kúrú. Àbúrò mi ti gba fọ́ọ̀mù, kò tíì kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ìwé àṣẹ tó ní lọ́wọ́ sì ti tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Florida nítorí àdéhùn tó wà láàrin àwọn ìpínlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀ kí ọkọ òun tó mú bírò ni ibùdó tí wọn yóò gbé e sí.