Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eléré àtijọ́ méjì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èwo lẹ máa rà: MGB àbí Triumph TR6?

Abingdon ni wọ́n ti ń to MGB láti 1962 títí di 1980. Coventry ni wọ́n ti ṣe TR6, tiẹ̀ sì parí ní 1976.

Sílíńdà mẹ́rin ni MGB ní, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1,798 cc, kábúrétọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ SU ló ń fún un lépo. Eré rẹ̀ kò pọ̀ lọ títí, àmọ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò: gbogbo nǹkan ló wà nítòsí ọwọ́. Páàtì rẹ̀ kò sì wọ́n, torí èyí tí wọ́n ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù.

TR6 ńkọ́? Háà! Sílíńdà mẹ́fà, 2,498 cc. Ẹ tẹná mọ́ ọn díẹ̀, ohùn kíkẹ̀ kan á bú jáde lẹ́yìn, èyí tí MGB ò lè ní láéláé. Nítorí ohùn yẹn nìkan, òun ni èmi máa gbé. Èyí tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Lucas tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì (ó lágídí díẹ̀ o). Kábúrétọ̀ ni wọ́n fi sí ti Amẹ́ríkà.

Ìpẹtà kò mojú èyíkéyìí nínú wọn. MGB kò ní ṣáṣí (férémù irin abẹ́ ọkọ̀) ọ̀tọ̀, ara rẹ̀ ló dúró lé, nítorí náà ẹ yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wò dáadáa. Ti TR6, ẹ dọ̀bálẹ̀ wo ṣáṣí rẹ̀ lápá ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó sanwó.