Papunya Tula, Alice Springs: ẹ ra àwòrán lọ́wọ́ àwọn tó ni ìtàn

Bí ẹ bá dé Alice Springs, ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, tí ẹ sì fẹ́ ra àwòrán àwọn ọmọ onílẹ̀ aṣálẹ̀, Todd Mall ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù Papunya Tula Artists. Ìlú yìí ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwòrán tó pọ̀ níbí kí n tó náwó. Ní Papunya Tula, kí n tó lanu béèrè ni wọ́n ti sọ ẹni tó kun àwòrán fún mi, ilẹ̀ tó kùn, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí owó mi ń lọ.

Àwọn ayàwòrán fúnra wọn ló ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1972. Àwọn ẹ̀yà Pintupi àti Luritja ló pọ̀ jù nínú wọn, ìletò Kintore àti Kiwirrkura sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ lónìí. Kintore nìkan jìnnà sí wa níbí ju 500 kìlómítà lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Kiwirrkura ṣì wà níwájú, ó ti bọ́ sí Western Australia.

Èyí tí mo rà kò tóbi: sẹ̀ǹtímítà 46 sí 38, ọ̀dà àkírílíìkì lórí aṣọ ọ̀gbọ̀. Obìnrin Pintupi kan láti Kiwirrkura ló kùn ún. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú tẹ́ ẹ, ó wá fa ìlà funfun lé e lórí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ, àfi ibi tí wọ́n bá ti kan òbìrìkìtì tí wọ́n á yà fún un. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí ibi tí ọ̀dà ti tán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, tí ìlà náà tín-ín-rín, tó tún nípọn lójijì nígbà tó ti tún búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Ìwé ẹ̀rí tó bá a wá gbé orúkọ ayàwòrán, nọ́ńbà àwòrán, tí wọ́n tún kọ sí ẹ̀yìn aṣọ, àti ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Marrapinti ni ibi tó kùn, ihò àpáta tí omi máa ń wà nínú rẹ̀, ní ìwọ̀ oòrùn Kiwirrkura. Àwọn obìnrin ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, pàgọ́ síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ egungun tí wọ́n ń fi sí ihò imú, kí wọ́n tó gbéra lọ sí ìlà oòrùn, wọ́n gba Ngaminya, wọ́n gba Kiwirrkura, wọ́n gba Wirrulnga. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń ká èso kampurarrpa. Ẹ lè jẹ èso yìí bó ṣe wà lórí igi, wọ́n sì lè lọ̀ ọ́ kúnná kí wọ́n fi ṣe àkàrà tí wọ́n ń yan nínú ẹyín iná. Àwọn ìlà funfun yẹn ni ipa odò Marrapinti.

Tjukurrpa ni wọ́n ń pe irú ìtàn báyìí. Àwọn alálẹ̀ rin ilẹ̀ já, ohun tí wọ́n ṣe níbì kan di òkè, ibòmíràn di orísun omi, wọ́n sì fi òfin sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lójú àwọn tó ni ín, ìgbà yẹn kò tíì kọjá lọ, inú ilẹ̀ ló wà. Ẹni tí ìtàn kan tọ́ sí nìkan ló lè kùn ún, bí oríkì orílẹ̀ ṣe jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ni ín. Lọ́dọ̀ àwọn Warlpiri ní Yuendumu, kirda ni ẹni tó jogún ìtàn láti ọ̀dọ̀ baba. Kurdungurlu, tí ìdílé ìyá rẹ̀ ló ni ìtàn náà, ló ń mójú tó o kí kirda má bàa ṣe é bó ṣe wù ú.

Àwòrán àwọn ọkùnrin nípa Tingari, àwọn alálẹ̀ kan, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Ìwé tiwọn kúrú. Ó dárúkọ ibi tí wọ́n kùn, ó wá ní ọ̀rọ̀ Tingari jẹ́ awo, nítorí náà wọn kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà kan lè fárígá, kó ní owó ńlá lòun san. Èmi gba tiwọn gidi gan-an. Ta ló ń fi owó ra ìmùlẹ̀ nínú wa?

Ohun tí ojú wọn rí ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ní 1971, ní ìletò Papunya, nǹkan bíi 240 kìlómítà sí Alice Springs, àwọn àgbà ọkùnrin kun ìtàn èèrà olóyin sára ògiri ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Geoffrey Bardon sì gbárùkù tì wọ́n. Láti ara ògiri, wọ́n bọ́ sórí pákó. Lára pákó àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n ya ohun orò tí obìnrin àti ọmọdé kò gbọdọ̀ rí. Nígbà tí àwòrán jáde sí gbangba, àwọn ènìyàn wọn mìíràn nínú aṣálẹ̀ bínú gidigidi. Wọ́n wá ń yọ ohun awo kúrò, àmì tótòtó sì gba ojú àwòrán, ó ń bo ohun tó yẹ kó bò.

Pé ilẹ̀ ẹni ló wà nínú àwòrán ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1997, nígbà tí àwọn ará Ngurrara ní Great Sandy Desert ń jà fún ilẹ̀ wọn, wọ́n pawọ́ pọ̀ kun kánfásì kan tó jẹ́ mítà 8 sí 10. Oníkálukú dúró lórí apá tó jẹ́ tirẹ̀ nínú àwòrán, ó sì fi èdè rẹ̀ jẹ́rìí. Ní 2007, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ náà.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ṣáájú èyí, nínú ìlú yìí kan náà. Kánfásì tótòtó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, owó pọ́ọ́kú. Mo béèrè ẹni tó kun ọ̀kan, wọ́n ní ayàwòrán aṣálẹ̀ ni. Mo béèrè ìtàn rẹ̀, wọ́n ní omi ni. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ìwé. Inú bí mi, mo jáde. Ní 2019, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ bu ìtanràn mílíọ̀nù 2.3 dọ́là lé ilé iṣẹ́ kan lórí, tó ń ta ọjà tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ onílẹ̀ ni.

Owó tèmi kò tó ẹgbẹ̀rún dọ́là, àwọn ńlá wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mo san án tayọ̀tayọ̀, nítorí ohun tí mo mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ní 2000, àwọn ayàwòrán Kintore àti Kiwirrkura kó àwòrán sílẹ̀ fún gbàǹjo ní Sydney, owó tó wọlé sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn kíndìnrín ní Kintore. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti dákẹ́ ní láti fi ilé sílẹ̀ wá gbé Alice Springs, kó sì máa gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tó ń gbọ́ bó ṣe ń dárúkọ ilẹ̀ rẹ̀, yóò mọ ohun tí owó yẹn rà.

Bí ẹ bá fẹ́ tún tiyín tà lọ́jọ́ iwájú, òfin wà. Ayàwòrán Clifford Possum Tjapaltjarri kun àwòrán Warlugulong ní 1977, 1,200 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ rà á, ní 2007 wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 2.4. Láti 2010, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ayàwòrán tàbí ẹbí rẹ̀ ń gbà lórí irú àtúntà bẹ́ẹ̀, bí owó bá ti tó 1,000 dọ́là.

Mo ní kí wọ́n ká tèmi sínú páìpù páálí, férémù lè dúró. Kí ẹ tó kúrò nídìí káńtà, ẹ fi nọ́ńbà orí ìwé ẹ̀rí wé ti ẹ̀yìn aṣọ. Bí àlejò bá sì bi yín léèrè ohun tó wà nínú àwòrán náà, ẹ ka ìwé yẹn fún un bó ṣe wà, ẹ má fi tiyín kún un.