Abẹ́rẹ́ akupọ́ńṣọ̀ fún èébì kímò: apá tí kò yẹ kí wọ́n gún ni wọ́n fẹ́ gún

Apá òsì mi ni ọkùnrin tó fẹ́ fún mi ní akupọ́ńṣọ̀, ìtọ́jú àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ara, dì mú. Ó ti fi òwú oníspírítì nu ọrùn ọwọ́ mi, abẹ́rẹ́ ti wà láàárín ìka rẹ̀, ó ń sọ fún mi pé kí n mí sínú, kí n mí síta. Mo já ọwọ́ mi gbà. Igbe tí mo ké mú kí ẹni tó wà ní yàrá kejì ṣílẹ̀kùn yọjú sí wa.

Apá òsì yẹn ni wọ́n ti yọ àwọn kókó abẹ́ abíyá mi nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí kò kìlọ̀ fún mi: wọn ò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀rọ ìfúnpá pàápàá, apá kejì ni kí wọ́n fi sí. Àwọn kókó yẹn ni omi ara máa ń gbà kọjá. Nígbà tí wọn ò sí mọ́, bí àrùn bá gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, apá lè wú, ó sì lè má lọ mọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo fa ìlà méjì sí i nídìí. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò ṣí i.

Mo ní, "Ṣé ẹ ka fọ́ọ̀mù mi?"

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Abẹ́rẹ́ yìí tín-ín-rín gan-an."

Ohun tí mo bi í kọ́ nìyẹn. Mo tún un bi. Ìgbà yẹn ló tó mú ìwé náà, mo sì ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe dé ibi ìlà méjì yẹn. Ó ju abẹ́rẹ́ náà sínú àpótí tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ ìlò sí, kò lè sọ nǹkan kan. Kò sì tíì béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi. Kímò, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà kù, ó máa ń dín èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ irú ara bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tó kù nínú méjèèjì.

Mo wọ bàtà mi, mo jáde. Akọ̀wé ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọjọ́ kejì ni kímò mi. Mo sunkún délé.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. Doxorubicin, omi pupa yẹn, pẹ̀lú cyclophosphamide ni wọ́n ń fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì máa gbà á. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gba àkọ́kọ́, mo bì lẹ́ẹ̀mẹfà, tòun ti ondansetron àti dexamethasone, oògùn adènà èébì, tí wọ́n ti fún mi ṣáájú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, n kò bì mọ́, àmọ́ èébì ń gbé mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti lóyún rí, n kò lè fi wé e. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé, nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, òórùn òwú oníspírítì lásán ló kàn mí nímú, mo ti ń wá ibi tí màá bì sí. Kò tíì sí dírípù kankan lára mi. Dókítà mi ní ara ló ti ń rántí, ó wọ́pọ̀. Òun ló dárúkọ akupọ́ńṣọ̀, ó sì fi olanzapine, oògùn adènà èébì mìíràn, kún oògùn mi.

Mo ti ka ohun tí mo lè kà kí n tó lọ. Ní 1997, ìgbìmọ̀ tí National Institutes of Health ní Amẹ́ríkà pè jọ gbà pé akupọ́ńṣọ̀ ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́ lórí èébì iṣẹ́ abẹ àti ti kímò. Ìwádìí ọdún 2000 kan ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí obìnrin 104 tó ní jẹjẹrẹ ọmú bíi tèmi ni wọ́n lò. Láàárín ọjọ́ 5, àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí iná mànàmáná díẹ̀ ń gbà kọjá gún bì tó ìgbà 5, àwọn tí wọ́n gún sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ láìsí iná bì tó 10, àwọn tó lo oògùn nìkan bì tó 15. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró, ìyàtọ̀ náà ò hàn mọ́. Oògùn èébì ayé ìgbà náà ò sì tó ti ìsinsìnyí. Ẹ má ṣe torí abẹ́rẹ́ fi oògùn yín sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà lórí ibùsùn ní wọ́ọ̀dù kímò nígbà tí ọkùnrin náà wọlé. Fọ́ọ̀mù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi ẹsẹ̀ ibùsùn ló dúró sí, kò sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, mà. N kò kà á. Mo ti lọ bá dókítà yín, mo ti rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ." Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ò sọ pé kí n gbà, kò sì sọ pé kí n kọ̀. Ó kàn fa àga, ó jókòó tì mí.

Mo na apá ọ̀tún sí i.

Ó ní kí n fi ìka mi wọ̀n ọ́n fúnra mi, torí ìka tèmi ni ìwọ̀n ara mi, kì í ṣe tirẹ̀. Mo to ìka mẹ́ta pọ̀ láti ibi ìlà ọrùn ọwọ́ níhà àtẹ́lẹwọ́ lọ sókè. Ibi tí ìka kẹta parí sí, láàárín iṣan méjì tó le bí okùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní PC6, Neiguan lédè Ṣáínà. Ó tú abẹ́rẹ́ tuntun lójú mi. Ó ta mí fìrí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan wúwo kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó rọra ń rìn lọ sí ìka àárín, bí ìgbà tí ọwọ́ bá fẹ́ kú. Ó gún abẹ́ orúnkún mi méjèèjì pẹ̀lú. Ogún ìṣẹ́jú, ó yọ wọ́n, wọ́n sì so dírípù mọ́ ihò tí wọ́n ti ṣe sí àyà mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo bì. N kò lè búra pé abẹ́rẹ́ ni, torí olanzapine ti wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹta ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, èébì ṣì ń gbé mi. Ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ tí kò rú mi lójú ni ti òórùn spírítì. Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò, mo fi àtàǹpàkò tẹ ibi ìka mẹ́ta yẹn, mò ń ka èémí mi, mo jókòó títí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ tán. Mo délé láìbì.

Rọ́bà ọrùn ọwọ́ tó ní bọ́tìnnì tí akọ̀wé fi lé mi lọ́wọ́ ò ṣe mí láǹfààní. Ó ń yọ̀ kúrò lójú ibẹ̀ bí mo bá ń sùn. Ìwádìí kan wà ní Bìrìtéènì pẹ̀lú ènìyàn 500, níbi tí rọ́bà gidi ò ti fi ìyàtọ̀ tó dájú hàn sí ayédèrú. Àtàǹpàkò yín ti tó.

Kí kímò kẹta tó pé, fóònù dún nílé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Òun ni. Ó ní, "Mà, mo ti rí àyẹ̀wò yín, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Dókítà máa sún kímò síwájú, èmi náà ò ní gún yín." Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi, kí ọsibítù tó pè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a ṣe é. Mo bì lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kó tó tú abẹ́rẹ́, á ka fọ́ọ̀mù mi sókè, á ní, "Apá òsì, rárá," èmi náà á ní, "Rárá."

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé ìtọ́jú akupọ́ńṣọ̀ yẹn. Bí mo bá tún nílò abẹ́rẹ́, ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni màá ti gbà á.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìwé mi ló jẹ́ kí n dín in sí méjì. Obìnrin kan ń dúró de ìjókòó rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ló fẹ́ gún un. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lábẹ́ ife lórí tábìlì akọ̀wé. Mo bi í pé apá wo ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí. Ó ní ọ̀tún. Mo gba bíírò, mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà: Ẹ MÁ GÚN IBÍ.