Mo ti ṣe vasectomy: ohun tí ojú mi rí

Vasectomy ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà irúgbìn ọkùnrin kó má baà lè fún obìnrin lóyún mọ́. Iṣẹ́ abẹ náà kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ṣùgbọ́n oṣù 4 kọjá kí wọ́n tó sọ fún mi pé ó ti parí. Ẹni tó bá ń rò ó, kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń gbé. Ọmọ mẹ́rin la bí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mẹ́ta nínú wọn. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ò bá ìyàwó mi lára mu, èyí tó gbà lábẹ́rẹ́ sì mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 7. Mo ní ìyà tó jẹ ẹ́ ti tó, ó kàn mí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ọ́ lọ́dàá ni?" Rárá o. Wọn kì í yọ kórópọ̀n. Òpó tín-ín-rín méjì tó ń gbé irúgbìn ọmọ jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń dí. Nǹkan ọkùnrin mi ń dìde bíi ti tẹ́lẹ̀. Àtọ̀ ṣì ń jáde, torí irúgbìn inú rẹ̀ ò tó nǹkan, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Wọ́n ní kí n fá irun abẹ́ mi láti ilé, kí n sì mú pátá tó fún dání. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ibẹ̀ kú ló dùn jù, ó ta mí bí agbọ́n, ó sì tán. Lẹ́yìn náà, mi ò mọ ìrora mọ́, àmọ́ ó ń fà mí dé ìsàlẹ̀ ikùn, bí ìgbà téèyàn ń fa okùn lábẹ́ awọ. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bi mí nípa àwọn ọmọ, òórùn kan gba yàrá náà, bí irun tó jóná. Iná ni wọ́n fi ń dí òpó náà. Àyà mi já gan-an. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn náà ti kìlọ̀ fún mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo rò pé ó ti san, mo gbé àpò ìrẹsì kílò 20 látinú ọkọ̀ wọlé. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹpọ̀n mi ti wú bí ọsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo tún fi dùbúlẹ̀, tí mo ń fi yìnyín tí mo fi aṣọ ìnura wé lé e. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ní kí ẹ má gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má gbé e.

Irúgbìn tó ti kọjá ibi tí wọ́n gé kí wọ́n tó gé e ṣì wà lọ́nà, ó sì lè dá oyún sílẹ̀. Torí náà, kọ́ńdọ̀ọ̀mù la ń lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, mo gbé àtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò nínú ike kékeré, àpò inú kóòtù mi ni mo fi sí kó má baà tutù. Wọ́n ṣì rí díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbé èkejì lọ ni wọn ò rí ọ̀kankan mọ́.

Síbẹ̀, bí ẹnì kan nínú ọkùnrin 2,000 ni òpó rẹ̀ lè padà so pọ̀. Kò sì dènà àrùn ìbálòpọ̀. Tí ọkàn yín bá ṣì ń fẹ́ ọmọ, ẹ má ṣe é: ó ṣòroó tún so, NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbí, kì í sì í sábà sanwó ìyẹn.

Ó ti pé oṣù 7 báyìí. Tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ pẹ́, apá òsì máa ń fà mí díẹ̀. Ìyẹn nìkan ló kù.